Okùn Abẹ́ Ilẹ̀kùn

Okùn náà mì lẹ́ẹ̀kan. Mo ti fi àyà lélẹ̀ lórí ilẹ̀ títutù látìgbà tí mo gbọ́ ìró sálúbàtà níta, mo gbé etí sẹ́bàá àlàfo tóóró tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn wa. Òórùn kọfí ń gba ibẹ̀ wọlé. Mo fa okùn náà lẹ́ẹ̀kan padà, mo sì gbọ́ tí Bàbá, aládùúgbò wa, rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn, tí orúnkún wọn dún, tí wọ́n mí kanlẹ̀.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Ìbọ̀sẹ̀ ńkọ́?"

Mo wo ẹsẹ̀ mi. "Mo ti wọ ẹyọ kan."

"Èkejì ńkọ́? Ṣé ó ti lọ síbi iṣẹ́ ni?"

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Èmi àti màámi nìkan là ń gbé ní àjà kẹrin ilé kan ní San Salvario, ní Torino, ní ilẹ̀ Ítálì. Màámi ń ṣiṣẹ́ ní magazzino kan, ilé ìkó-ọjà-sí ńlá, ní Collegno, wọ́n ń to páálí sórí ara wọn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Aago márùn-ún àárọ̀ ni wọ́n máa ń jáde. Aago mẹ́jọ ni ẹ̀gbọ́n kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣílẹ̀kùn, tí á mú mi lọ sílé-ìwé. Wákàtí mẹ́ta ló wà láàárín. Kò sí ẹni tí màámi lè fi mí tì ní wákàtí mẹ́ta yẹn, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n ti gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn assistenti sociali, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, lè gba ọmọ tí wọ́n bá bá nílé ní òun nìkan. Ẹ̀rù yìí kì í kúrò lójú wọn. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ àmì ilà tó wà léréèkẹ́ wọn.

Nítorí náà wọ́n fún mi lófin. Mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan gáàsì. Mi ò gbọdọ̀ dúró lójú fèrèsé. Mi ò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó kẹ́yìn ni wọ́n máa ń tún sọ nígbà tí wọ́n bá ń so bàtà: "Bí o bá gbọ́ ohùn mi níta, má dáhùn. Èmi ní kọ́kọ́rọ́. Ohun tó bá ń pè ọ́ tí o ò rí ojú ẹ̀, kì í ṣe èmi." Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tiwọn náà ṣe kọ́ wọn nílé, pé èèyàn kì í jẹ́ ìpè tí kò bá rí ẹni tó ń pè é.

Bàbá ń gbé ní ilẹ̀kùn tó dojú kọ tiwa. Orúkọ ìyàwó wọn tó ti kú ló wà lára aago ẹnu ọ̀nà, nítorí náà mi ò mọ orúkọ tiwọn títí di òní. "Nonno", bàbá àgbà lédè Ítálì, ni mo ń pè wọ́n lẹ́nu. Bàbá ni mo ń pè wọ́n nínú ọkàn mi. Láti Kiribati ni wọ́n ti wá, erékùṣù kéékèèké tó wà ní àárín Òkun Pàsífíìkì. Atukọ̀ ni wọ́n. Wọ́n jábọ́ lórí àkàsọ̀ nínú ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ sí Genova, ìbàdí wọn ṣẹ́, ọkọ̀ náà lọ, wọ́n kù sí ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé ìyàwó, tó mú wọn wá sí Torino.

Ní òwúrọ̀ kan lẹ́yìn Kérésìmesì, wọ́n gbọ́ ẹkún mi láti inú ilé wọn. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Mo dákẹ́. Wọn ò kàn án mọ́. Wọ́n jókòó, wọ́n sì ti okùn funfun kan gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, okùn tín-ín-rín tó ń rùn bí ọ̀dà.

"Nínú ọkọ̀," ni wọ́n sọ, "bí ẹnìkan bá wọ inú táǹkì lọ fọ̀ ọ́, ẹlòmíràn á dúró lẹ́nu ihò, á di okùn mú. Bí mo bá fà á lẹ́ẹ̀kan, mò ń bi ọ́ bóyá ara rẹ le. Bí ó bá le, ìwọ náà fà á lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ̀rù bá bà ọ́, fà á lẹ́ẹ̀mẹta."

"Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n yín ńkọ́?"

"Ẹni tó wà lẹ́nu ihò kì í lọ tọ̀. Bí ọ̀gá pátápátá bá pè é, kò gbọdọ̀ lọ."

Láti ọjọ́ yẹn, aago mẹ́fà àbọ̀ kì í kọjá kí okùn náà tó mì. Mi ò sọ fún màámi. Mi ò ṣílẹ̀kùn, nítorí náà mo rò pé mi ò rú òfin kankan.

Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ ilé wọn fún mi. Ní erékùṣù wọn, kò sí òkè, kò sí odò. Ibi tó ga jù ni orí igi àgbọn. Bí o bá dùbúlẹ̀, wàá gbọ́ òkun ní ọwọ́ ọ̀tún, wàá tún gbọ́ ọ ní ọwọ́ òsì. Gbogbo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń rùn bí àgbọn tí wọ́n sá sóòrùn.

"Odò Po wa tóbi," ni mo sọ lọ́jọ́ kan, kí wọ́n má baà fi òkun nìkan yangàn.

"Po yẹn? Mo rí i. Mo rò pé ẹnìkan gbàgbé ẹ̀rọ omi ní ṣíṣí sílẹ̀ ni."

Wọ́n sọ fún mi pé àwọn òyìnbó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan fún wọn, tó dára, tó ní ibùsùn tuntun àti oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin lè kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ kí wọ́n sì lọ sìn nínú ọkọ̀ àwọn òyìnbó. Nínú ìwé ètò ìdàgbàsókè, wọ́n ka àwọn ọkùnrin mọ́ ohun tí erékùṣù ń kó ránṣẹ́ sókè òkun, àwọn àti àgbọn gbígbẹ. Àwọn òyìnbó náà tún gbé táǹkì omi ńlá kan fún abúlé, wọ́n kun àsíá orílẹ̀-èdè wọn sí i lára. Kò pẹ́, ẹ̀rọ rẹ̀ bàjẹ́. Ohun kékeré tí a ó fi tún un ṣe kò sí ní gbogbo erékùṣù, òkè òkun ló gbọ́dọ̀ ti wá. Àwọn obìnrin padà sídìí kànga oníyọ̀.

"Ẹ ò lè tún un ṣe?"

"Mo lè tún un ṣe. Irú rẹ̀ gan-an ni mò ń tún ṣe nínú ọkọ̀ wọn, láàárín òkun. Ṣùgbọ́n èmi kò sí nílé."

Wọ́n ní ọmọbìnrin kan nílé lọ́hùn-ún. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wọ ọkọ̀. Mo béèrè ẹni tó ń di okùn tirẹ̀ mú. Mo gbọ́ tí wọ́n gbé ife kọfí kalẹ̀ sórí àtẹ̀gùn. Okùn náà mì, lẹ́ẹ̀kan péré.

Ọ̀rọ̀ náà dé ojú rẹ̀ ní òwúrọ̀ kan tí yìnyín bo ìlú. Aago mẹ́fà ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, Bàbá kò tíì jáde. Mo gbọ́ ohùn màámi níta. Ó pe orúkọ mi, ó rọra pè é. Mo gun àga, mo fi ojú sí ihò kékeré tí a fi ń wo ẹni tó wà níta. Iná àtẹ̀gùn ń tàn. Kò sí ẹnìkan. Ohùn náà tún pè mí. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mi.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé màámi ti yọ̀ ṣubú ní ibùdókọ̀, ọwọ́ wọn rọ́, kọ́kọ́rọ́ bọ́ sínú yìnyín, wọn ò rí i mọ́. Wọ́n kúnlẹ̀ níta, wọ́n fi ẹnu sábẹ́ ilẹ̀kùn, kí àwọn aládùúgbò má baà gbọ́ pé wọ́n ń pe ọmọ kékeré tó dá wà. Ihò náà kò rí ìsàlẹ̀. Bí mo ṣe ń dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rò pé gáàsì ti pa mí. Níkẹyìn wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ kan tó ṣẹ́kù lu ilẹ̀kùn, wọ́n ń sunkún.

Obìnrin tó ń gbé ní àjà kẹta gòkè wá. Mo gbọ́ ọ kedere. "Ṣé ọmọ kékeré nìkan ló wà nínú ilé yìí? Mo ń pe carabinieri." Àwọn ọlọ́pàá ló ń sọ.

Ilẹ̀kùn Bàbá ṣí. "Kò dá wà," ni wọ́n sọ. "Ọ̀dọ̀ mi ló wà. Ní àràárọ̀."

"Ọ̀dọ̀ yín báwo? Inú ilé lọ́hùn-ún ló wà."

"Ilẹ̀kùn ló wà láàárín wa, signora. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan."

Okùn náà wọlé. Ó mì lẹ́ẹ̀kan. Mo sáré dì í mú, mo sì fà á lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ó wà láàyè," Bàbá sọ fún màámi. "Ara rẹ̀ le, ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ dìde dúró kí ó lè rí yín."

Mo gun àga. Mo rí Bàbá nínú aṣọ ìsùn, sálúbàtà kan ṣoṣo ní ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà orí màámi yọ díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀, gèlè wọn ti tú, yìnyín wà ní èjìká wọn. Mo ṣílẹ̀kùn.

Màámi kọ́kọ́ fi imú wá òórùn gáàsì, kò sí. Wọ́n fọwọ́ kan ojú mi, ọrùn mi, wọ́n gbá mi mọ́ra. Ìgbà náà ni wọ́n rí okùn tó wà lọ́wọ́ mi.

"Látìgbà wo?"

"Látẹ̀yìn Kérésìmesì."

"O sì ń ṣílẹ̀kùn?"

"Mi ò ṣílẹ̀kùn rí."

Wọ́n wo okùn náà lọ sí ibi tó parí sí, ní ọwọ́ Bàbá. Mo rò pé wọ́n á gbà á, pé ó parí nìyẹn. Màámi tún kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, bí obìnrin ṣe ń kúnlẹ̀ fún bàbá nílé wa. Bàbá rò pé wọ́n ti dákú. "Ẹ dìde, signora, ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ tutù." Obìnrin àjà kẹta ti fóònù rẹ̀ bọ àpò, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, kí màámi tó jáde, wọ́n gbé àga kan tó ní tìmùtìmù síta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn wa.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni a kó wá sí Padova. Bàbá ká okùn náà, wọ́n fi sínú àpò ìwé mi. Màámi kọ lẹ́tà sí wọn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́tà kejì padà wá. Bí mo bá gbọ́ lórí rédíò pé òkun ń gòkè ní àwọn erékùṣù yẹn, pé àwọn tó ń ṣètò ń fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ kọ́ṣẹ́ kí wọ́n lè ṣí kúrò, mo máa ń ronú nípa táǹkì náà, àti nípa ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rin kan. Ètò tó dára ń mú èèyàn dé ibi iṣẹ́. Mi ò tíì rí èyí tó béèrè ẹni tí ó wà lẹ́nu ihò.

Ọmọ mi pé ọdún mọ́kànlá. Láti oṣù kẹsàn-án ló ti ń gbé ìwé autorizzazione wá bá mi, kí n fọwọ́ sí i pé ó lè máa dá bọ̀ láti ilé-ìwé, kí ó wọ tram, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú. "Mamma, lo fanno tutti," ló ń wí, pé gbogbo ẹgbẹ́ òun ló ń ṣe é. Mo mọ iye ibùdókọ̀ tó wà lọ́nà náà, mo mọ ibi tí ó ti gbọ́dọ̀ sọdá, mo ti fi ẹsẹ̀ mi rìn ín lẹ́ẹ̀mẹfà. Mi ò fọwọ́ sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo yọ okùn náà jáde, mo sọ ìtàn yìí fún un. Ó gbé e sí imú, ó ní kò rùn bí nǹkan kan mọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Faccio uno squillo." Á pè mí lẹ́ẹ̀kan, á sì pa á. Mo ní bí ẹ̀rù bá bà á ńkọ́. Ó ní, "Tre, mamma. Ho capito." Ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ti yé òun.

Mo fọwọ́ sí i. Lónìí, ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo gbé àga síwájú ilẹ̀kùn, mo jókòó. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ pè, mi ò gbé e. Ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún, fóònù náà dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan padà.