Ọjọ́ tí Mi Ò Jẹ́ Kí Wọ́n Ti Ọkọ̀ Bàbá Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lónìí bóyá bẹ́líìtì táímìn-ìn tó já lè ba ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ jẹ́, mo ní ìdáhùn, ẹnu kíkún ni mo sì máa ń fi dá a. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé kan ní Ìmùṣin, nígbà tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń le tí ọkọ̀ tuntun ti kúrò lọ́rọ̀ tíṣà, ìdajì ìdáhùn yẹn ni mo ní lọ́wọ́. Ìgboyà mi ní tirẹ̀ ti pé tán.

Sáyẹ́ǹsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bàbá mi náà ṣe tíṣà títí ó fi fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà èmi ni mo máa ń wa ọkọ̀ rẹ̀. Itan ń dùn ún débi pé kò lè gun bọ́ọ̀sì. Yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ibì kan ṣoṣo ló kù tó ń lọ, ìyẹn Ìmùṣin, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, òun nìkan ló sì kù láyé tó ń fi orúkọ kékeré pè é. Bàbá mi ti sọ fún mi pé bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà bá bà jẹ́, òun ò ní í tún un ṣe, agbára òun ò gbé e. Ohun tí mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá lọ, Ìmùṣin ti lọ nìyẹn.

Mẹkáníìkì wa, àgbà ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Alájì, ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ó kó àwọn fáàfù ẹ́ńjìnnì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti tẹ̀, sínú agolo mílíìkì kan lórí tábìlì rẹ̀. Ó fi ọ̀kan hàn mí lọ́jọ́ kan, ó ní bẹ́líìtì táímìn-ìn, ìyẹn bẹ́líìtì onírọ́bà tó ní eyín, ló ń jẹ́ kí fáàfù àti písítìn mọ ìgbà tó kan kálukú. Bó bá já, fáàfù á dúró gbagidi síbi tó wà, písítìn á gòkè wá, á sì gbá a. Ó ní kí bàbá mi pààrọ̀ tirẹ̀, ó ti pẹ́ jù. Bàbá mi ní ṣé ó ti já ni? Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí nìyẹn.

Ìdágbére bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Wọ́n á ṣe é nínú pálọ̀, wọ́n á tún un ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ èyí tó gùn jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo ti tan ẹ́ńjìnnì, mo jókòó, mò ń dúró dè wọ́n. Nǹkan kan ró pàì níwájú, ẹ́ńjìnnì sì kú. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì náà ń yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí ẹ̀rọ ata tí wọn ò da ata sí. Mo tún yí i lẹ́ẹ̀kejì kí fáàfù inú agolo tó sọ sí mi lọ́kàn, mo sì yọ kọ́kọ́rọ́ kíá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yí i, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní agbo ilé yẹn, wọn kì í jẹ́ kí àlejò dá lọ láìsìn ín dé oríta. Bí ọkọ̀ àlejò bá wá kọ̀ tí kò tan, títì í náà di ara sísìn, ó tilẹ̀ dùn mọ́ wọn ju fífẹsẹ̀ rìn lọ.

“Dede yín, ẹ bọ́ síta,” ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ké sí gbogbo agbo ilé. “Àbúrò mi ń lọ ulé, ọkọ̀ ẹ̀ ò tan.”

Ọkùnrin mẹ́fà jáde. Méjì nínú wọn tó bàbá mi lọ́jọ́ orí. Wọ́n ká apá aṣọ, wọ́n gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ọkọ̀.

“Fi í sí gíà kejì,” ni bàbá mi wí fún mi.

“Ẹ má bínú, Bàámi. Wọn ò ní í tì í.”

“Kí ló dé?”

“Bẹ́líìtì táímìn-ìn ló já. Bí wọ́n bá tì í nínú gíà, písítìn á gbá fáàfù, ẹ́ńjìnnì á bà jẹ́.”

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà rẹ́rìn-ín. Ó ní fáàn-bẹ́líìtì ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, pé sítọ́kìn-ìn obìnrin kan ti tó láti fi so ó. Mo ṣí iwájú ọkọ̀, mo fi fáàn-bẹ́líìtì hàn án níbi tó wà, pé kò já. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Àbúrò mi,” ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí, “ṣé ọmọ ẹ ló ní kí àwọn ará ulé mi má sìn ẹ́?”

Bàbá mi na ọwọ́ sí mi. “Mú kọ́kọ́rọ́ yẹn wá.”

Mi ò tíì kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Mo ki kọ́kọ́rọ́ náà bọ inú kọ́mú mi níwájú gbogbo wọn. Àwọn ọkùnrin náà yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Inú bí mi, ojú sì ń tì mí, ṣùgbọ́n mi ò yẹsẹ̀. Mi ò ní í purọ́, ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù bàbá mi, ẹ̀rù ẹ̀ẹ̀mejì tí mo ti yí kọ́kọ́rọ́ ni.

Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó gbàgùúdá lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde ló fi okùn fà wá délé, tèmi ti bàbá mi nínú ọkọ̀ tó ti kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wọlé láìjuwọ́ sí wa.

Ní Ọjọ́bọ̀ ni bẹ́líìtì tuntun dé láti Èkó sí ṣọ́ọ̀bù Alájì, níbi tí a gbé ọkọ̀ náà lọ. Alájì kò kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ tan án, sípánà ló fi ń yí ẹ́ńjìnnì náà díẹ̀díẹ̀, ó dẹ etí sí i, èmi náà dẹ etí. Kò sí ohun tó kan ohun kan. Ó de bẹ́líìtì, ó tan án, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn.

“Alájì, ẹ ṣé,” ni mo wí. “Ọ̀rọ̀ yín ọjọ́sí ló yọ wá.”

“Tíṣà, irú tiyín kọ́ ni mò ń wí lọ́jọ́sí o. Tiyín yìí, àyè wà láàárín písítìn àti fáàfù ẹ̀, wọn ò lè pàdé. Wọn ì bá tì í dé Ẹ̀pẹ́, kò ní í tan, ṣùgbọ́n kò ní í bà jẹ́.”

“Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Ẹ ò bi mí èwo ni tiyín.”

Èmi tí mo máa ń bá àwọn ọmọ kíláàsì mi wí pé wọn kì í béèrè ọ̀rọ̀ dé ìdí. Mo gba kọ́kọ́rọ́, mo wa ọkọ̀ lọ sílé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Kí n tó rí àyè jẹ́wọ́, bàbá mi ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá yà wá kí i pé ọmọ òun ló gba ẹ́ńjìnnì là. Ní Sátidé, ó tún sọ ọ́ ní Ìmùṣin, níwájú àwọn ọkùnrin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ọ dé ìparí, ojú rẹ̀ kò tú ká.

“Ó dáa,” ló wí. “Ṣùgbọ́n àwọn ará ulé mi ò tíì sìn ẹ́.”

Ó ní kí n má tan ọkọ̀ rárá. Mo fi gíà sí fírì, àwọn ọkùnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì wá lọ sí oríta, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń tẹ̀lé wọn, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lára ọkọ̀. Bàbá mi tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi.

“Ṣé títì yìí ò ní í ba ẹ́ńjìnnì jẹ́?”

“Kò lè bà á jẹ́, Bàámi. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà kì bá tí bà á jẹ́. Alájì sọ fún mi pé irú tiwa kọ́ ló ń tẹ fáàfù.”

Bàbá mi juwọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wá rọra yí gíláàsì wíńdò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè títí ó fi pa dé.

“Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́,” ló wí.