Ẹni Tó Gba Nọ́ńbà Kìn-ín-ní

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Eruku bo Tudu, àdúgbò wa ní Accra, débi pé mi ò rí àwọn ọkọ̀ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, ohùn àwọn tó ń pe èrò nìkan ni mò ń gbọ́ láti òkè.

Orúnkún mi ló fa ọ̀rọ̀. Mi ò lè máa gba orí àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n wá jókòó sílé òun ní Sabon Zongo, kí n sinmi. Ìsinmi kẹ̀? Ibí ni èmi àti bàbá rẹ̀ ti lo ìgbà èwe wa. Bí ọjà bá ń tán nísàlẹ̀ nígbà náà, bàbá rẹ̀ á fi igi ìgbálẹ̀ kan àjà kí n lè mọ̀ lókè. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kan, ṣúgà ni; ó kàn án lẹ́ẹ̀mejì, mílíìkì ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ìró yẹn kẹ́yìn.

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ní òun á so ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà mẹ́ta pọ̀ kí n lè máa rí ọjà láti òkè: ti iwájú ṣọ́ọ̀bù, ti yàrá ẹrù lẹ́yìn, àti tèmi lókè. Tiwa nìkan ni, ará ìta ò ní lè yọjú sí i. Bàbá rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n ó ní bí kò bá ṣiṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, Sabon Zongo ni mò ń lọ.

Ògiri ilé yìí nípọn, ọmọ náà sì ní wáyà ló máa dára. Ó gbé àpótí méjì tí wáyà àwọn ẹ̀rọ máa ń wọ̀ wá kí n yàn, ọ̀kan ní ihò mẹ́rin, èkejì mẹ́jọ. Mo yan ti mẹ́jọ. Ẹni tó bá kọ́lé tí yàrá rẹ̀ mọ níwọ̀n, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àlejò rẹ̀ á sùn. Ó ní ó wá ku nọ́ńbà, kì í ṣe ti ihò, pé ohun kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀, bí ilé ṣe ń ní, kí iṣẹ́ tí a bá rán má baà ṣìnà.

“Màmá ni kí wọ́n gba nọ́ńbà ọ̀kan,” ni ọmọ mi wí.

“Dádì, àpótí ló ń gba ọ̀kan. Òun ni ẹnu ọ̀nà tí gbogbo iṣẹ́ ń gbà kọjá.”

“Àpótí ni yóò ṣáájú ìyá mi? Torí pé Accra ni wọ́n bí ẹ sí, o ò mọ àgbà mọ́?”

Ọmọ náà fún mi ní ọ̀kan. Títí a fi kírun àsárì, kò sí ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ìsàlẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ọmọ mi ti ń ká aṣọ mi sínú báàgì.

Mo pe ọmọ-ọmọ mi mọ́ra. “Kí ló ń ṣe é gan-an?”

“Ìyá àgbà, àpótí ti ní ọ̀kan kí ẹ̀rọ tiyín tó dé. Ẹ̀yin méjèèjì wá ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà. Ó dàrú paa.”

Ẹ̀rín pa mí. Nígbà tí mo wọ ilé ọkọ, ọmọ tó ń rákò tí mo bá níbẹ̀, ọkọ ni mò ń pè é, mi ò pe orúkọ rẹ̀ rí.

“Àpótí ló ṣáájú mi wọlé?”

“Òun ni.”

“Ó tán. Ìyàwó ni mo jẹ́ fún un. Fún mi ní nọ́ńbà mẹ́wàá, kí àwọn tó ń bọ̀ rí àyè.”

Ọmọ mi gbójú sókè. “Màmá, ọkọ yín tuntun nìyẹn?”

“Kì í sáà pariwo bíi tìẹ.”

Kí a tó kírun màgàríbà, mo ti ń rí gbogbo ohun tí wọ́n ń tà nísàlẹ̀. Ọmọ mi dá aṣọ mi padà sí àyè wọn.

Lọ́jọ́ kejì, mo mu ẹ̀kọ mi tán, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo rí i pé tòmátò inú agolo ti ń tán níwájú, mo sì fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbé páálì méjì jáde láti ẹ̀yìn.