Bàálù Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Gbé Wọ Bàálù

Ọjọ́ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ sí òkè òkun, ijó ni ẹ̀gbọ́n mi jó yí àgbàlá rẹ̀ ká ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé bàálù ni yóò wọ̀ lọ wẹ ọmọ náà, ijó tán. Ó ní kí wọ́n máa fi fọ́tò ránṣẹ́. Ẹni tó ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹja kiri ọ̀sà láti ìgbà èwe, tí ìjì kò lé e wálé rí! Bàálù ló wá sọ ọ́ di ojo.

Èmi tí mo máa ń fi ọ̀dà kun bàálù oníke kéékèèké ní ilé mi ní Lásùnwọ̀n, ní Ìkòròdú, ni wọ́n bẹ̀ pé kí n lọ yí i lọ́kàn padà. Ìyàwó mi kì í pe èyí ní iṣẹ́. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ mi ń kọ́lé, èmi ń kun bàálù tí kò lè gbé eṣinṣin. Ẹ má dá a lóhùn. Mo mú èyí tí mo rà lọ́wọ́ oníṣòwò àlòkù kan ní Agric nítòsí wa, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ọ̀rá ọwọ́ má baà mú kí ọ̀dà bó, mo bu omi díẹ̀ sí ọ̀dà àkírílíìkì funfun, mo kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó gbẹ, mo tún kùn ún. Mo fi búlúù sí ìrù rẹ̀. Ó ń dán bí ẹyin.

Nígbà tí mo gbé e dé Ẹ̀pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi gbà á, ó yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni ń wo ẹja bóyá ó ti ń rà. Ó tiẹ̀ gbóòórùn rẹ̀. Ó bi mí níbi tí dírẹ́bà ń jókòó sí, mo fi hàn án. Ó mi orí.

"Àbúrò, kí ni wọ́n kọ sí i lára?"

Mo ní wọn kò kọ nǹkan kan.

"Ṣé o rí i? Ọkọ̀ wo lo mọ̀ létí ọ̀sà yìí tí kò ní àdúrà lára? Ẹni tí kò lè kọ àdúrà sára ọkọ̀, ibo ló fẹ́ gbé mi lọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, èwo lẹ fẹ́ kí n kọ?"

Ó ní kí n kọ Àlọ Ire, Àbọ̀ Ire. Mo gbé bàálù padà sí Ìkòròdú. Ọ̀rọ̀ gùn ju ẹ̀gbẹ́ bàálù lọ, ni mo bá ta ọgbọ́n: mo kọ Àlọ Ire sí ẹ̀gbẹ́ òsì, Àbọ̀ Ire sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Mo gbé e padà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

"Tí wọ́n bá wá fi mí jókòó sí òsì ńkọ́? Èmi kò ní padà wálé nìyẹn?"

Ìyàwó mi tó tẹ̀ lé mi lọ rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ìjókòó. Nígbà tí a délé, mo fi funfun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo gé irun búrọ́ọ̀ṣì mi tó kéré jù lọ títí ó fi rí bí irun ìpéǹpéjú, mo di èémí mú, mo kọ odindi àdúrà náà sí ẹ̀gbẹ́ kìn-ín-ní, mo tún kọ ọ́ sí ìkejì. Ta ló bá mi di ìrù rẹ̀ mú? Ìyàwó mi, ẹni tí kò mọ̀ pé iṣẹ́ ni.

Nígbà tí mo tún gbé e dé Ẹ̀pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà, ó ní òun á lọ.

Lọ́jọ́ ìrìnàjò, ó pè mí láti inú bàálù gan-an, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Àbúrò, wọn kò kọ àdúrà kankan sí tiwọn o."

Mo rò pé ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni.

"Má dààmú. Tiwa ló wà lórí itan mi yìí. Mo ti sọ fún obìnrin tó jókòó tì mí pé kó fọkàn balẹ̀, àdúrà náà kárí òun náà."