Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi àti Ikùn Ọmọ Mi

Mi ò tíì rí ẹni tó mọ gbogbo nǹkan tó sì gọ̀ tó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Aṣọ ló ń tà n'Íléṣà, ṣùgbọ́n bó bá ti gbé agbádá wọ̀ báyìí, ó di lọ́yà, ó di dókítà.

Òṣogbo lèmi àtọkọ mi ń gbé. Nígbà tí iṣẹ́ rélùwéè gbé ọkọ mi lọ sí Kánò, èéyi mú ọmọbìnrin wa. Èéyi lọ, ọmọ ò bọ̀ sípò. Ó rù, irun rẹ̀ pọ́n. Nígbà tó yá, ikùn rẹ̀ wú, ó le gbandi. Mo pọ̀n ọ́n lọ sí ọsibítù n'Íléṣà.

Dókítà rọra tẹ ikùn náà wò. Ó ní, "Ìyá, èéyi ti gba agbára ara ọmọ yìí. Ó jọ pé ìfun rẹ̀ ti lu, ọyún sì ti kún inú. Àfi ká là á lónìí."

Ibẹ̀ lẹ̀gbọ́n ọkọ mi bá wa. "Ìyàwó, àbíkú ni. Wọn ò ní fọ̀bẹ kan ọmọ ilé wa. Gbé e wálé, kó kú síbẹ̀."

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ rọbí rẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi?" Mo tẹ̀ka síwèé, wọ́n gbé ọmọ mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ọyún tí wọ́n gbọ́n jáde pọ̀. Ìfun ti lu lóòótọ́, ara tó rù bẹ́ẹ̀ ò sì lè jẹ́ kí ojú ibi tí wọ́n bá rán jinná. Ni wọ́n bá fa ìfun náà yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn, kó máa gbabẹ̀ yàgbẹ́ títí ara á fi le. Èmi ni mò ń fọ ojú ibẹ̀, tí mò ń fún un ní ẹyin àti ẹ̀wà.

Ẹ̀gbọ́n yọjú lẹ́ẹ̀kan, ó fi etí agbádá bo imú. "Ta ni yóò fẹ́ èyí?" Ọmọ tó ń bá ikú jìjàkadì, ọkọ ló ń wá fún un! Ọlọ́gbọ́n ayé.

Nígbà tí ara ọmọ le, dókítà dá ìfun padà, ó rán ikùn pa.

Lẹ́yìn náà, níbi ìkómọ kan nílé àwọn ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n pe àwọn àlejò jọ. "Ẹ wá wojú àpá náà! Èmi ni mo ní kí wọ́n tètè là á." Ó ti ń ká aṣọ ọmọ sókè.

Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Èébú kún ẹnu mi, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ò tó ẹni à ń bú. Mo pòṣé, mo bu mọ́ínmọ́ín fún ọmọ mi. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí n bu sí i.