Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kì Í Pè

Ìwé ìtàn tí mo fi ọdún mẹ́ta kọ ni ẹnjiníà ṣí síwájú mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì fi ìka tọ́ ojú ewé kìíní. Katakata wọn ń kùn lẹ́yìn rẹ̀. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó ra ilẹ̀ lẹ́yìn Mowe láti fi kọ́ ẹ́síteètì ti ṣèlérí pé àwọn ò ní fọwọ́ kan sàréè ẹni tó tẹ abúlé wa dó, bí a bá lè fi hàn pé tiwa ni. Èmi ni mo fọ́nnu pé kí ẹnikẹ́ni má dààmú, ó wà nínú ìwé mi.

“Màmá, Eyínfúnjowó lẹ kọ síbí,” ó wí. “Làwàní la rí lára òkúta sàréè yìí nígbà tí a ro koríko tó bò ó. Ẹlòmíì ni wọ́n sin síbẹ̀.”

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ti ń kó ìtàn abúlé wa jọ. Mo ń fi fóònù gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, mo tiẹ̀ gun ọ̀kadà dé Ìbògùn nítorí fọ́tò kan ṣoṣo tó ti ya sí méjì. Àwọn ọmọ mi ní mo fẹ́ràn òkú ju alààyè lọ. N ò bá wọn jiyàn. Bí àgbà kan bá ti dákẹ́, tó wá ní kí n dúró ná, òun ti rántí, inú mi máa ń dùn bíi pé kí n fò.

Mo bẹ ẹnjiníà pé kó fún mi di ìrọ̀lẹ́, mo sì sáré lọ bá Ìyá Àgbà. Ìyàwó ọmọ ẹni tó tẹ abúlé dó ni, òun nìkan ló sì kù láyé tó mọ bàbá náà lójú. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ Eyínfúnjowó. Mo kúnlẹ̀, mo bi í bóyá orúkọ bàbá kọ́ nìyẹn.

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni èmi ń pe àbúrò ọkọ tèmi. Mo ní Adúmáadán. Ó ní ṣé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ níjọ́ ìsọmọlórúkọ nìyẹn.

Ojú tì mí. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, áńbọ̀sìbọ́sí bàbá ọkọ. Ìnagijẹ ló ń fún wọn. Èmi tí mo ti ń ṣe é láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ ni mo wá kọ ìnagijẹ sílẹ̀, tí mo pè é ní ìtàn. Mo bi í ní orúkọ gan-an, ó mi orí pé òun ò ní pè é. Mo ní kó kúkú fi ẹlòmíì júwe rẹ̀ fún mi.

“Òun àti lèmọ́mù wa tó kú ń jẹ́ orúkọ kan náà,” ó wí.

Lèmọ́mù Làwàní ni. Àgbàlagbà bí èmi, mo jó yí àgbàlá ká.

Ṣùgbọ́n ẹnjiníà ní ìjúwe ò tó, àfi kí òun gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó mọ bàbá. Mo padà lọ sọ fún Ìyá. Ó ní kí wọ́n bá òun mú ìbòrí òun wá, a sì fi kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbé e dé ìdí sàréè.

Ó ní kí wọ́n pa katakata. Ìyá tó jẹ́ pé orí àga ló ti ń kírun látọjọ́ yìí rọra fi eékún méjèèjì kanlẹ̀ níwájú sàréè náà.

“Bàbá, ẹ forí jì mí. Wọ́n fẹ́ lé yín kúrò nílé ni,” ó wí. “Làwàní ni yín. Èmi ìyàwó yín ni mo sọ bẹ́ẹ̀.”

Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n dá katakata padà. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, mo sì ti ń wá bírò nínú báàgì kí n lè tún ojú ewé kìíní kọ. Ìyá dì mí lápá mú bí mo ṣe ń gbé e dìde.

“Bí o bá máa kọ ọ́,” ó wí, “kọ ọ́ pé mo kúnlẹ̀ kí n tó pè é.”