Ẹrù Ẹnì Kan, Ẹrù Gbogbo Wa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀rín ṣì ń pa mí!

Púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí a máa ń mọ roboto bíi bọ́ọ̀lù, ni mò ń tà l'Ókìtìpupa níbí. Mo rẹ ẹ̀gẹ́ sómi létí odò, ó ti rọ̀, ó ku ká gbé e wálé. Tó bá fi rọ̀ jù, ó bàjẹ́ nìyẹn, kò sí ohun tí màá gbé lọ sọ́jà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo yọ̀ ṣubú, ẹsẹ̀ mi yẹ̀!

Akin ọmọ mi, tó ń lọ yunifásítì, wà nílé. Mo ní kó lọ gbé ẹ̀gẹ́ wá. Ó ní àwọn brọ́dà òun ní mítìn, ẹni tí kò bá wá ti da májẹ̀mú.

Brọ́dà kẹ̀? Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, níbo ló ti rí brọ́dà?

Ó ní ẹgbẹ́ àwọn ní yunifásítì ni. Kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn o, ẹgbẹ́ ọmọlúàbí ni! Wọ́n ń dé bẹ́rẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ti búra pé ẹrù ẹnì kan, ẹrù gbogbo wọn ni.

Áà! Mo ní kó pè wọ́n, kí wọ́n wá ṣe mítìn náà nílé wa.

Wọ́n dé, àwọn mẹ́rin, bàtà funfun báláú lẹ́sẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bọ ara wọn lọ́wọ́, kó tó parí, màá ti bó àpò ẹ̀gẹ́ kan tán! Wọ́n ka ìbúra, wọ́n fi ọbẹ̀ ẹja jẹ púpurú mi, wọ́n ń pè mí ní "Mọ́mì wa".

Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹrù yín ń bẹ létí odò o."

Ọ̀kan rántí ìdánwò. Ẹ̀yìn ń dun òmíràn. Ààrẹ wọn, agùntáṣọọ́lò, ní, "Mọ́mì, ẹrù tẹ̀mí la ní lọ́kàn."

Ẹrù tẹ̀mí! Ṣé ẹja tẹ́ ẹ jẹ yẹn náà, tẹ̀mí ni?

Wọ́n dìde, wọ́n ní mítìn á parí níbòmíràn, kí Akin máa bọ̀. Akin wò wọ́n, ó wo ẹsẹ̀ mi tó ti wú bíi púpurú. Ó ṣí bẹ́rẹ́ẹ̀tì orí rẹ̀, ó ká a bí òṣùká, ó gbé e lérí, ó dorí kọ odò.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé: ìbúra dùn lẹ́nu, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbé ẹrù síwájú ẹni tó ń búra. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹgbẹ́ wo ló ti jẹ oúnjẹ yín tán tó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ? Ẹ sọ ọ́ nísàlẹ̀ níbí, ká jọ rẹ́rìn-ín.

Mo ti fọ bẹ́rẹ́ẹ̀tì náà títí, òórùn ẹ̀gẹ́ kò kúrò lára rẹ̀. Akin ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.