Ọwọ́ Òsì Màmá

Òórùn àdí kì í jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Láàárọ̀ yìí, ní Ìlaró, olùkọ́ tó ń kọ́ àwa àgbàlagbà ní eré ìdárayá ní ká fi àdí ra ọrùn, ká rọra gbé ọwọ́ sókè, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn dáadáa lọ sí ọpọlọ. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni ọkàn mi fò padà sí Ìjoun, ìlú tí mo gbé nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Màmá, ìyá bàbá mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ ru ẹ̀gẹ́ dé láti oko ni. Wọn kì í jókòó bí wọ́n bá sọ ẹrù. Wọ́n á kọ́kọ́ fi àdí ra ọrùn, wọ́n á yí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n á wá na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹrù ti tẹ ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀," wọ́n á ní. "Ó yẹ kó padà sórí."

Èmi á dúró níwájú wọn, màá máa ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, oòrùn mú débi pé àwọn adìẹ sá sábẹ́ àká. Màmá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ti òsì ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Èmi náà gbé ẹyọ kan.

"Gbé èkejì."

"Bí ẹ ṣe ń ṣe ni mò ń ṣe, Màmá."

"Irọ́ lò ń pa. Méjèèjì ni mo gbé."

Mo rò pé eré ni, mo bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n bojú wo ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n ń wo ọwọ́ náà bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀rín gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

"Sáré pe bàbá rẹ."

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé rọpárọsẹ̀ ti mú wọn kí wọ́n tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Ní Ìlaró láàárọ̀ yìí, olùkọ́ ní ká dijú, ká gbé ọwọ́ sókè. Mo gbé tèmi. Mo wá bi ìyá tó dúró tì mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé méjèèjì ló gòkè?"